Ọmọ Tó Wà Lọ́wọ́ Mátírọ́nù

Nọ́ọ̀sì Kékeré kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá. Kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀, bó bá sì rí ẹ̀jẹ̀, òun gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ wá àga fún. Olùtọ́jú ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ kan máa ń rán lọ sílé àwọn arúgbó tí ọpọlọ wọn ti ń rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé Mátírọ́nù, màmá náà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó lọ gé èékánná rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, ó sì sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀. Kò bá a jiyàn. Iṣẹ́ àìjiyàn gan-an ni wọ́n gbà á fún.

Mátírọ́nù ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí nílé ìwòsàn ńlá. Ó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ kú, lẹ́yìn náà ni àìsàn ìgbàgbé tí àwọn dókítà ń pè ní Àlìsáímà yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá bí olè. Àìsàn náà kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn aládùúgbò lọ, ó kó ọ̀nà ilé lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tó bí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ agbẹ̀bí nìkan ni kò rí kó. Bí Mátírọ́nù bá mú aṣọ ìnujú lásán, yóò dì í bí ẹni di ọmọ tuntun, etí aṣọ á bá etí mu, kò sì ní tú.

Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní kí ẹbí ra ọmọláńgidi kan fún un, irú èyí tó wúwo díẹ̀, tí ojú rẹ̀ máa ń padé tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sùn. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti di wọ́ọ̀dù. Mátírọ́nù á wẹ ọmọláńgidi, á dì í, á wá ibi tó wù ú tẹ́ ẹ sí: inú àpótí aṣọ, abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀yìn àga. Lọ́jọ́ kan, inú fìríìjì ni wọ́n ti rí i. Ó ní ibà ló ń ṣe ọmọ náà, Nọ́ọ̀sì Kékeré sì gbà fún un pé ara rẹ̀ gbóná lóòótọ́.

Bó bá ti tẹ́ ẹ tán, yóò wá jábọ̀. "Nọ́ọ̀sì Kékeré, mo ti gbé ọmọ yẹn kúrò lójú atẹ́gùn."

Nọ́ọ̀sì Kékeré á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mátírọ́nù." Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ gbójú sókè.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní kó má tako arúgbó, kó má bi í bóyá ó rántí, kó má sì jágbe mọ́ ọn láéláé. Ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá wo mítà iná gbálẹ̀kùn bí ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù ba Mátírọ́nù, gbogbo ohun tó kù lórí rẹ̀ sì fọ́n ká. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ṣe ló ń wo Nọ́ọ̀sì Kékeré pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára olùtọ́jú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàáfíà wà nínú ilé, irú àlàáfíà tó ṣeé ṣe, títí Àbíkẹ́yìn fi dé.

Àbíkẹ́yìn ni ọmọ tí Mátírọ́nù bí gbẹ̀yìn. Orí ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti wà lójú agbami nígbà tí ìyàwó bí àkọ́bí wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó wá sọ́dọ̀ àwọn, ó kọ̀. Ó ní bí obìnrin bá bímọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń lọ, àgàgà kí ìyá náà jẹ́ agbẹ̀bí. Ó kó ẹrù, ó gbé ọmọ tuntun sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá.

Mátírọ́nù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ káàbọ̀, ìyá ìkókó. Ẹ kú ewu o. Bẹ́ẹ̀dì wo ni wọ́n fún yín?"

"Mọ́mì, èmi ni. Àbíkẹ́yìn yín ni."

Mátírọ́nù wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣì í mọ̀ láàárín ọjà. Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́, ó sì yí padà láti lọ wá bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ojoojúmọ́ ni Àbíkẹ́yìn ń tún un sọ. Ó gbé fọ́tò wá, ó sọ ìtàn ìgbà èwe, ó kọrin tí wọ́n jọ ń kọ. Ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ tán, á dúpẹ́, á bi í bóyá ó ti tọ̀ láti àárọ̀, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọdọ̀ ṣe ìtọ̀ mọ́ra. Nígbà tó pẹ́, inú tó ń bí Àbíkẹ́yìn wá ibi gbà jáde, orí Nọ́ọ̀sì Kékeré ló sì dà á sí, nínú kíṣìnì.

"Antí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé parọ́ fún ìyá mi."

"Irọ́ kọ́ o, ìyá ìkókó. Ibi tí wọ́n wà ni mò ń bá wọn."

"Irọ́ ni. Tí gbogbo yín bá ń sọ fún wọn pé wọ́ọ̀dù nibí, ìgbà wo ni wọ́n máa mọ̀ pé ilé ni? Ìgbà wo ni wọ́n máa mọ̀ mí?"

Èsì tó wà lẹ́nu Nọ́ọ̀sì Kékeré kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ fún abiyamọ tí oorun ń pa. Àmọ́ ohun kan wà tó ní láti sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí Mátírọ́nù tó dúró ti apẹ̀rẹ̀ ọmọ, ọmọláńgidi lábíyá, tó ń wo èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, tó tún ń wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Kékeré ní, "Ẹ má bínú o, ẹ má fi ìkókó sílẹ̀ pẹ̀lú màmá láwọn nìkan."

Ojú Àbíkẹ́yìn le. "Ìyá mi? Gbogbo ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí wọn, ẹ lọ bèèrè bóyá wọ́n já ọ̀kan sílẹ̀ rí."

Òótọ́ sì ni. Kò já ọ̀kankan sílẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò kú nínú Nọ́ọ̀sì Kékeré. Látìgbà náà ló ti ń fi ojú kan wo ọbẹ̀, tó ń fi ojú kejì wo apẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Àbíkẹ́yìn ṣubú. Nọ́ọ̀sì Kékeré fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù táńkì omi gbígbóná tó wà lẹ́bàá balùwẹ̀, ó mú táwẹ́lì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ jáde, ó kó o fún un. Títì ni kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa ń wà nítorí páìpù inú rẹ̀ ń jóni, ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún lọ́wọ́, ìyá ń hanrun lóòró, kò sì rántí yí kọ́kọ́rọ́ padà.

"Ẹ lọ wẹ̀ dáadáa. Ojú mi wà lára ọmọ."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ síbi tó ti lè rí i láti kíṣìnì. Ọmọ sùn. Ọbẹ̀ hó, ó sì dà sórí iná. Ó yíjú sí ọbẹ̀, ó rẹ iná sílẹ̀, ó wá nǹkan nu ilẹ̀. Ìgbà tó fi ń nulẹ̀ lọ́wọ́ ni Mátírọ́nù yọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, tó ń fi ọwọ́ nu ara épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì Kékeré, mo ti gbé ọmọ yẹn kúrò lójú atẹ́gùn. Mo ti kó àwọn aṣọ ìdọ̀tí sínú ẹ̀rọ. Fọ̀ wọ́n."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mátírọ́nù."

Àràárọ̀ ni Mátírọ́nù máa ń tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń dì í ní ìdì ńlá, tó ń kì í bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Kékeré kò ju kó tẹ bọ́tìnnì lọ. Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Omi ya wọ inú ẹ̀rọ.

Àbíkẹ́yìn jáde láti balùwẹ̀, táwẹ́lì lórí, ojú rẹ̀ ti mọ́ díẹ̀. Ó dé ìdí apẹ̀rẹ̀, ó dúró.

"Antí, ẹ ti gbé e?"

"Gbé kí ni?"

"Ọmọ."

Nọ́ọ̀sì Kékeré bojú wo apẹ̀rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ibi tí orí ọmọ ti tẹ ìrọ̀rí wọnú. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn padà wá sí etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rọra yí ọrùn, ó wo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ náà ń yí.

Kò mọ ìgbà tó kígbe. Àbíkẹ́yìn tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó rí ibi tó ń wò, ó sì yé e láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ó fò mọ́ ẹ̀rọ náà, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ó ń fà á. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Irú ẹ̀rọ tí kì í ṣí níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú rẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn fa wáyà yọ lára ògiri. Ẹ̀rọ dákẹ́, omi sì dúró sínú rẹ̀ digbí, aṣọ ń léfòó nínú ọṣẹ. Ọwọ́ kékeré kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti inú.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Igbe tó jáde lẹ́nu Àbíkẹ́yìn kì í ṣe igbe èèyàn mọ́. Ó ń fi ìkúùkù lu gíláàsì, gíláàsì kò fọ́. Nọ́ọ̀sì Kékeré ń wá ojú ihò tó máa ki wáyà padà sí. Ó kì í, ó yẹ̀, ó tún kì í. Ó ní láti tan ẹ̀rọ padà kó tó lè ní kó fa omi jáde. Ó tẹ bọ́tìnnì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń fà bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kékeré ń wí nínú ara rẹ̀ pé òun ni, òun lòun fi ọwọ́ òun tẹ̀ ẹ́, òun ni.

Ilẹ̀kùn dún kọ̀, ó ṣí. Àbíkẹ́yìn fa ìdì náà jáde mọ́ra, omi dà sí i láyà. Ó tú aṣọ. Ojú ọmọláńgidi ṣí, ó ń wò ó.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, ẹ̀rín wèrè ni. Wọ́n di ara wọn mú lórí ilẹ̀ tútù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ọmọ mi wá dà?"

Bí ọmọláńgidi bá wà nínú ẹ̀rọ, ọmọ wo ni Mátírọ́nù gbé kúrò lójú atẹ́gùn? Wọ́n dìde. Ibi tí Nọ́ọ̀sì Kékeré kọ́kọ́ sáré dé ni ààrò iná, kò sì jẹ́ sọ fún Àbíkẹ́yìn ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀. Ó ṣófo. Ó ṣí fìríìjì, ó ṣófo. Wọ́n wo gbogbo àpótí aṣọ, wọ́n gbé ìrọ̀rí, wọ́n wo ẹ̀yìn àga, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú garawa, inú agbada ìwẹ̀, inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Títì ni ilẹ̀kùn àbájáde wà, inú ilé yìí lọmọ wà. Nọ́ọ̀sì Kékeré fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù táńkì bó ṣe ń kọjá. Ó wà ní títì, bó ṣe máa ń wà. Ó kọjá lọ.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni pé ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó yẹ kí ọmọ tó wà láàyè sunkún.

Àbíkẹ́yìn pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ó ju fóònù nù, ó sáré wọ pálọ̀. Mátírọ́nù jókòó sórí àga rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ká aṣọ ìnujú. Àbíkẹ́yìn gbá èjìká rẹ̀ mú.

"Mọ́mì! Ibo lẹ gbé ọmọ mi sí? Ibo lẹ gbé e sí?"

"Ìyá ìkókó, ẹ má jágbe mọ́ wọn!" ni Nọ́ọ̀sì Kékeré wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ojú Mátírọ́nù là sílẹ̀ rekete. Ó wo ọwọ́ tó dì í mú. "Ọmọ wo? Ta ni yín? Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ bá mi lé obìnrin yìí jáde." Ó ń wá ibi sá sí lórí àga náà, aṣọ ìnujú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó nílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kékeré mọ ojú yẹn. Ojú ọjọ́ tí ọkùnrin mítà gbálẹ̀kùn ni. Bí èyí tó kù bá fọ́n ká báyìí, kò sẹ́ni tó máa rí i kó jọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ tí wọ́n dì pa mọ́ síbì kan kò sì ní ọjọ́ kankan láti fi dúró. Ó fa Àbíkẹ́yìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi. Wọn kò ní sọ fún mi. Mo ti gbìyànjú láti gba ọmọláńgidi lọ́wọ́ wọn rí, wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí i. Wọ́n ní kò sọ́mọ tó ń jáde ní wọ́ọ̀dù àwọn àfi kí ìyá rẹ̀ wá gbà á. Ẹ̀yin lẹ máa lọ gbà á."

"Èmi náà kọ́ ni mo lọ bi wọ́n yìí?"

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ yẹn, ọmọ wọn ni. Wọn ò mọ ọmọ wọn. Ẹ lọ bí ẹni tó bímọ sí wọ́ọ̀dù wọn. Ẹ má pè wọ́n ní Mọ́mì."

Àbíkẹ́yìn wò ó. Gbogbo ohun tó bá a jà lé lórí láti ọjọ́ tó ti dé ni wọ́n ní kó gbé sílẹ̀ yìí, lójú kan náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi wọlé."

Nọ́ọ̀sì Kékeré rọra kan ilẹ̀kùn pálọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Ó tún ohùn ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mátírọ́nù. Ìyá kan ló wá gba ọmọ rẹ̀."

Mátírọ́nù ká ara jọ sórí àga. Nọ́ọ̀sì Kékeré mú aṣọ ìnujú nílẹ̀, ó fi sí i lọ́wọ́, ó dúró. Ìka arúgbó náà rìn lórí aṣọ, ó wá etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bó ṣe ń ká a ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà díẹ̀díẹ̀. Ó gbójú sókè wo Àbíkẹ́yìn, ojú ọ̀gá ló sì fi wò ó.

"Kí lo bí?"

"Ọkùnrin ni, mà."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ ọkùnrin. Àmì wo ló wà lára rẹ̀?"

"Ó ní àmì pupa kan lọ́rùn, lẹ́yìn." Àbíkẹ́yìn fi ìka kan ibẹ̀ lọ́rùn ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi gbé e."

"Ìwọ lo ń kánjú. Sún mọ́ mi."

Ó sún mọ́ ọn. Aago oúnjẹ ọmọ ti tó, ọmú rẹ̀ sì ti ń sun láìsẹ́ni tó fà á. Mátírọ́nù na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ibi tí wàrà ti rin aṣọ rẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ó mi orí. Ó ki ọwọ́ sínú àpò épírọ́ọ̀nù, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan jáde. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Kékeré rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó rántí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí òun ṣí, tí òun kò tì padà.

Mátírọ́nù kò yára. Ṣé ọ̀gá ń sáré ní wọ́ọ̀dù rẹ̀? Ó ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ lé e, wọn kò gbọdọ̀ tì í, wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù táńkì, ó dúró, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó wo kọ́kọ́rọ́. Àbíkẹ́yìn bu ètè ara rẹ̀ jẹ.

"Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ gbé e sí, Mátírọ́nù?" ni Nọ́ọ̀sì Kékeré wí.

"Ibo ni mo tún máa gbé ọmọ tuntun sí?" Ó ṣí i.

Ooru gbá wọn lójú. Lórí pẹpẹ àárín, láàárín táwẹ́lì méjì, ọmọ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n dì í mọ́tómọ́tó, etí aṣọ bá etí mu. Ojú rẹ̀ pupa, òógùn bò ó, irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí. Kò mira. Àbíkẹ́yìn gbá a mú, ó fà á mọ́ra, ó tú aṣọ náà tàátàá. Afẹ́fẹ́ kan ọmọ lára. Ó ya ẹnu, kò sí ohùn, ó tún ya ẹnu, ẹkún bọ́ jáde, ẹkún fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹni tó ti rẹ̀. Páìpù táńkì kò jìnnà sí ibi tí orí rẹ̀ wà ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì Kékeré kò jẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀.

Wọ́n padà sí pálọ̀. Ọlọ́pàá kò tíì dé. Àbíkẹ́yìn jókòó sórí àga, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mátírọ́nù dúró lórí wọn, ó ń wo bí ọmọ ṣe ń fà á, ó fi ìka kan tún orí ọmọ ṣe. Ó ṣe é dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìwọ nìkan lo wá? Ìyá rẹ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì Kékeré rí ẹnu Àbíkẹ́yìn tó fẹ́ ṣí, ó rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti dé.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, mà," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Agbẹ̀bí ni wọ́n."

"Áà." Ojú Mátírọ́nù rọ̀. "Má bínú sí wọn. Iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ ká ráyè gbọ́ tọmọ ara ẹni. Tí wọ́n bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń bọ̀ wá bá ọ. Wọ́n ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ojú rẹ ti pọ́n. O ò sùn." Mátírọ́nù tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tí kò já ọmọ kankan sílẹ̀ rí. "Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ gbé e. Ìwọ lọ sùn díẹ̀."

Ohun tó tìtorí rẹ̀ kó ẹrù wá sílé ìyá rẹ̀ nìyí. Àbíkẹ́yìn wo ọwọ́ náà, omi ń dà lójú rẹ̀, ó di ọmọ mọ́ àyà, ó sì ń fi ìdí fà sẹ́yìn lórí àga títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Rárá, mà," ló wí. "Ẹ ṣeun, mà. Rárá."